Ìfẹnukonu Ni Wọ́n Ń Bá Jà, Ọ̀rọ̀ Ogún Ni Wọ́n Fojú Fò

Lẹ́yìn aago mẹ́jọ alẹ́ lórílẹ̀-èdè Bràsíl, ọ̀pọ̀ ìdílé ló máa ń jókòó síwájú tẹlifíṣàn láti wo eré onífẹ̀ẹ́ tí wọ́n ń ṣe ní àtìgbàdégbà. Alẹ́ mẹ́fà láàárín ọ̀sẹ̀ ni eré náà máa ń wáyé, ó sì lè gbà tó oṣù mẹ́jọ kí ó tó parí. Irú eré bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì ní Nàìjíríà. Àwọn tó ń wo tẹlifíṣàn láwọn ọdún 1990 kò lè gbàgbé The Rich Also Cry tó wá láti Mẹ́síkò, bí àwọn èèyàn ṣe máa ń sáré parí iṣẹ́ ilé kí ó má bàa fò wọ́n dá. Ní Bràsíl, níbi tí àwọn Àgùdà ti wá, ọ̀rọ̀ eré yìí kọjá ìgbádùn lásán. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ lálẹ́ àná ni wọn yóò máa sọ lọ́jà, nínú bọ́ọ̀sì àti níbi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Ìdí nìyí tí àríyànjiyàn fi ń wáyé níbẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 1988 lórí bí ó ṣe yẹ kí wọ́n máa fi ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin, tàbí obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin, hàn nínú eré. Ẹni tó bá gbọ́ ariwo náà lókèèrè yóò rò pé ìfẹnukonu nìkan ni ọ̀rọ̀ dá lé lórí. Ṣé wọn yóò jẹ́ kí àwọn méjèèjì fẹnu ko ara wọn lẹ́nu, àbí wọn yóò gé e kúrò? Ohun tó ṣe pàtàkì jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ariwo náà bò mọ́lẹ̀. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá.

Lọ́dún 1988 ni iléeṣẹ́ tẹlifíṣàn Globo gbé eré kan jáde tí wọ́n pè ní Vale Tudo. Gilberto Braga, Aguinaldo Silva àti Leonor Bassères ló kọ ọ́. Nínú rẹ̀ ni Cecília àti Laís wà, obìnrin méjì tí wọ́n jọ ń gbé bí lọ́kọláya, tí wọ́n sì jọ ń bójú tó ilé ìgbàlejò kékeré kan nílùú etí òkun. Lọ́jọ́ kan, Cecília kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n sunkún tán ni ọ̀rọ̀ dúkìá dé, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń dé. Marco Aurélio, arákùnrin olóògbé, tó lówó lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀, dìde pé òun ni ẹbí, òun ni ogún tọ́ sí. Laís tó ti da òógùn ojú rẹ̀ sínú òwò náà di àjèjì lójú òfin.

Kò sí àgbàlagbà kan nílẹ̀ Yorùbá tí ọ̀rọ̀ yìí kò ní yé. Mélòó mélòó ni opó tí àwọn ẹbí ọkọ ti lé jáde kúrò nínú ilé tí òun àti ọkọ rẹ̀ jọ kọ́, tí wọ́n ń bi í pé kí ló gbé wá? Ìbéèrè yìí gan-an ni àwọn òǹkọ̀wé eré náà gbé ka iwájú òǹwòran. Ẹni tó bá ẹnìkejì rẹ̀ gbé, tó bá a jìyà, tó bá a kó ọrọ̀ jọ, ṣé ọjọ́ tí ẹnìkejì bá kú ni yóò di aláìnílé? Ìjọba ṣì ní àwọn tó ń yẹ eré wò kí ó tó jáde nígbà náà, wọ́n sì ní kí wọ́n gé lára ọ̀rọ̀ tí àwọn obìnrin méjèèjì ń bá ara wọn sọ. Síbẹ̀, ìbéèrè náà ti jáde lẹ́nu. Ọdún 23 lẹ́yìn náà, lọ́jọ́ 5 oṣù karùn-ún ọdún 2011, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Bràsíl dájọ́ pé irú àwọn méjì bẹ́ẹ̀ jẹ́ ìdílé lójú òfin. Àsọdùn ni yóò jẹ́ bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé eré ló mú ìdájọ́ náà wá. Ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ ogún náà tó dé iwájú àwọn adájọ́ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti gbọ́ ọ nínú pálọ̀ wọn.

Ó ṣeni láàánú pé àwọn tó tẹ̀ lé e kò gba ibẹ̀ lọ. Nínú Torre de Babel tí Silvio de Abreu kọ lọ́dún 1998, Rafaela àti Leila jẹ́ obìnrin méjì tí wọ́n fẹ́ràn ara wọn, tí wọn kò sì ṣe ẹnikẹ́ni níbi. Àwọn òǹwòran bínú. Ó yẹ kí ó yé èèyàn bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ: bí wọ́n ṣe ń kọ eré yìí lọ́wọ́ ni wọ́n ń gbé e jáde, iléeṣẹ́ náà a máa ka iye àwọn tó ń wò ó, a sì máa pe àwọn òǹwòran jọ láti béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ àti ohun tí wọn kò fẹ́. Owó àwọn tó ń polówó ọjà wà ńbẹ̀. Nígbà tó yá, ilé ìtajà ńlá kan bú gbàmù nínú eré náà. Rafaela àti Leila wà lára àwọn tó bá a lọ, pẹ̀lú ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń lo oògùn olóró. Gbogbo ẹni tí òǹwòran kò fẹ́ rí ni iná kan ṣoṣo kó lọ. Ó rọrùn fún òǹkọ̀wé, kò sì kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.

Lọ́dún 2003, nínú Mulheres Apaixonadas, ọmọbìnrin iléèwé méjì fẹnu kora, ṣùgbọ́n inú eré Romeo àti Juliet tí wọ́n ń ṣe níléèwé ni, kí ó lè dà bíi pé eré nínú eré ni. Lọ́dún 2005, wọ́n ya ìfẹnukonu ọkùnrin méjì sílẹ̀ fún alẹ́ tí América máa parí, àwọn èèyàn sì ń retí rẹ̀. Iléeṣẹ́ náà gé e kúrò.

Amor à Vida tí Walcyr Carrasco kọ, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2013, ló tún padà sórí ọ̀rọ̀ gidi. Félix ni ọ̀dàlẹ̀ inú eré náà. Alẹ́ àkọ́kọ́ gan-an ló gbé ọmọ jòjòló tí arábìnrin rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bí sọ sínú àpótí ìdọ̀tí. Ó níyàwó nílé, ṣùgbọ́n ọkùnrin ni ọkàn rẹ̀ ń fà sí. César, bàbá rẹ̀, tó jẹ́ ọ̀gá dókítà, kò fẹ́ rí i sójú. Nígbà tí àṣírí tú, Félix pàdánù gbogbo ohun tó ní, ó di ẹni tó ń ta búrẹ́dì àti sọ́séèjì lójú títì, ibẹ̀ ló sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Lọ́jọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 2014 tí eré náà parí, òun àti Niko fẹnu kora, gbogbo ìwé ìròyìn sì gbé e. Ìfẹnukonu yẹn kọ́ ló gbẹ̀yìn eré náà. Ohun tó gbẹ̀yìn ni César, tó ti fọ́jú, tí ara rẹ̀ kò sì le mọ́, tó jókòó sétí òkun. Ọmọ tó kọ̀ ló ń tọ́jú rẹ̀. Bàbá agbéraga náà sọ fún un níkẹyìn pé òun fẹ́ràn rẹ̀. Ẹni tó bá mọ ohun tí ó jẹ́ láti darúgbó, tí kò mọ èwo nínú àwọn ọmọ ni yóò bu omi fún òun mu, kò nílò àlàyé.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Babilônia dé. Fernanda Montenegro àti Nathalia Timberg, àgbà òṣèré tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ ẹni ọdún 85, ṣe bí obìnrin méjì tó ti jọ ń gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n fẹnu kora lálẹ́ àkọ́kọ́. Àwọn aṣòfin tó jẹ́ ọmọ ìjọ ajíhìnrere ké sí aráàlú pé kí wọ́n má wo eré náà. Iye òǹwòran já wálẹ̀, wọ́n dín ìfẹ́ àwọn ìyá àgbà náà kù, wọ́n sì gé eré náà kúrú. Lóòótọ́, kì í ṣe ìfẹnukonu nìkan ló bá eré náà jà, ìwà ibi inú rẹ̀ pọ̀. Ṣùgbọ́n ó yani lẹ́nu pé Félix tó ju ọmọ ọwọ́ sínú ìdọ̀tí di ààyò àwọn òǹwòran, tí àwọn ìyá méjì tí wọn kò ju ẹnikẹ́ni nù sì di ẹni tí wọ́n ń sá fún. Nígbà tí Globo tún Vale Tudo ṣe lọ́dún 2025, ìjàǹbá ọkọ̀ ṣẹlẹ̀ sí Cecília bíi ti àtijọ́, ṣùgbọ́n kò kú mọ́.

Ní Nàìjíríà, ibi tí ọ̀rọ̀ wà yàtọ̀. Òfin tí Ààrẹ Goodluck Jonathan buwọ́ lù ní oṣù kìíní ọdún 2014 sọ pé ẹ̀wọ̀n ọdún 14 ni fún àwọn tó bá gbé irú ara wọn níyàwó, ó sì fi ọdún 10 sílẹ̀ fún ẹni tó bá ń fi irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn ní gbangba. Nígbà tí àwọn kan ṣe fíìmù lórí obìnrin méjì lọ́dún 2020, tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ Yorùbá, Ìfẹ́, ṣe orúkọ rẹ̀, ìgbìmọ̀ tó ń yẹ fíìmù wò kìlọ̀ fún wọn. Àwọn fíìmù tí kò rí irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń fi irú ẹni yìí hàn bí ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn, tàbí ẹni tó ń fi ara wá owó, tí yóò ya wèrè tàbí kú kí fíìmù tó parí, bí àdúrà kò bá wò ó sàn.

Èyí ni bàbá kan lábúlé ti wò fún ogún ọdún. Bí ó bá wá di ọjọ́ kan tí ọmọ rẹ̀ jókòó síwájú rẹ̀, tó sì sọ irú ẹni tí òun jẹ́, kí ni bàbá náà mọ̀ yàtọ̀ sí ẹgbẹ́ òkùnkùn àti wèrè? Ohun tó wò ni yóò ṣe: yóò lé e jáde, tàbí kí ó fà á lọ sílé àdúrà níbi tí wọn yóò ti dè é mọ́lẹ̀. Òfin kò ní kí òǹkọ̀wé má sọ ìtàn bàbá yìí. Kò sí ìfẹnukonu kankan nínú rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni máa gé. Yàrá kan, àga méjì, bàbá àti ọmọ rẹ̀ ni, àti ìyá tó dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn tó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀.