Ilé Tí A Fi Itọ́ Mọ

Àwọn baba wa ní ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Òtítọ́ ọ̀rọ̀ yìí hàn ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 2012, nígbà tí Knight Capital, ilé-iṣẹ́ tí ó ń ra ìpín ìdókòwò tí ó sì ń tà á ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, pàdánù owó tí ó lé ní 460 mílíọ̀nù dọ́là láàárín ìṣẹ́jú 45.

Olè kọ́ ni ó jà wọ́n. Kọ̀ǹpútà mẹ́jọ ni wọ́n fi ń gbé iṣẹ́ oníbàárà lọ sí ọjà. Nígbà tí wọ́n ń fi ètò tuntun sínú wọn, òṣìṣẹ́ kan fi í sínú méje, kò fi í sínú ìkẹjọ. Nínú ìkẹjọ yìí ni ètò àtijọ́ kan wà, tí wọ́n ti pa tì láti ọdún 2003 láìyọ ọ́ kúrò. Bí ọjà ti ṣí ni ògbólógbòó náà jí, tí ó ń fi àṣẹ ránṣẹ́ léraléra, láìmọ̀ pé iye tí a fẹ́ ti pé.

Kí ọjà tó ṣí, kọ̀ǹpútà ti fi ìsọfúnni 97 ránṣẹ́ sí àwọn òṣìṣẹ́. Wọn kò kà á sí ìkìlọ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe àtúnṣe, inú méje tí ó dára ni wọ́n ti yọ ètò tuntun kúrò. Ọ̀rọ̀ náà sì burú sí i.

Àwọn kan yóò di gbogbo ẹ̀bi ru òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo. Kò tọ́ bẹ́ẹ̀. Kò sí ọmọ ènìyàn tí kì í ṣe àṣìṣe. Ẹ̀bi tí ó tóbi jù ni pé kò sí ìlànà àkọsílẹ̀ tí ó ní kí ẹlòmíràn yẹ iṣẹ́ náà wò.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, àti ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ fi èyí ṣe àríkọ́gbọ́n. Ẹ kọ ohun tí ètò gbọ́dọ̀ ṣe sílẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ dán an wò kí ó tó dé ọ̀dọ̀ oníbàárà. Ẹ jẹ́ kí ojú kejì rí i. Ẹ yọ èyí tí kò wúlò mọ́ kúrò. Ẹ yan ẹni tí yóò máa gbọ́ ìkìlọ̀, kí ẹ sì mọ bí a ó ti dá iṣẹ́ dúró bí nǹkan bá yíwọ́.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní irú ìlànà báyìí ń fi àkókò ṣòfò, ẹ rán an létí ìṣẹ́jú 45 náà. Kí ọdún 2013 tó parí, ìjọba ti gba owó ìtanràn 12 mílíọ̀nù dọ́là lọ́wọ́ Knight, ilé-iṣẹ́ náà sì ti dà pọ̀ mọ́ òmíràn. Ọgbọ́n orí nìkan kò mú ètò dúró. Ìlànà tí a ń tẹ̀lé lójoojúmọ́ ni ó ń mú un dúró.