Talbot Gba Ìṣákọ́lẹ̀ Lórí Ìmọ̀

William Henry Fox Talbot ló kọ́kọ́ fi han aráyé pé èèyàn lè ti ara nẹ́gátíìfù kan ṣoṣo tẹ fọ́tò púpọ̀ bí ó bá ṣe wù ú. Kò sẹ́ni tó lè gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó fi ìmọ̀ náà ṣe lẹ́yìn tó rí i ni àríyànjiyàn wà lórí rẹ̀.

Onílẹ̀ ni Talbot. Gbèsè ni baba rẹ̀ fi sílẹ̀ nígbà tó kú lọ́dún 1800, ọdún tí wọ́n bí ọmọ náà gan-an. Ìyá rẹ̀, Lady Elisabeth, ló tún ilẹ̀ Lacock ní Wiltshire gbé dìde. Talbot ṣojú Chippenham nílé aṣòfin títí di 1835, àmọ́ ibẹ̀ kọ́ ló ti di olókìkí. Lóṣù kẹjọ ọdún yẹn, ó ya fèrèsé ilé rẹ̀ sórí bébà kékeré tó fi iyọ̀ àti èròjà fàdákà pa lára. Nẹ́gátíìfù náà ṣì wà títí dòní. Ó wá gbé iṣẹ́ ọ̀hún tì. Ìgbà tí Daguerre, ará Faransé, kéde ọ̀nà tirẹ̀ láti ya fọ́tò ní Paris ní January 1839 ló tó sáré gbé e jáde. Nígbà tó fi máa di 1841, ó ti gba ìwé ẹ̀tọ́ ìjọba lórí ọ̀nà tuntun tó dára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ fi ṣòwò ní England, ó di dandan kó sanwó fún un.

Àwọn tó ń gbèjà rẹ̀ ní ẹjọ́ rò. Ìjọba Faransé ń san owó ìfẹ̀yìntì fún Daguerre, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ò fún Talbot ní kọ́bọ̀. Daguerre náà sì gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní England. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ebi kọ́ ló lé Talbot dé ìdí ìwé ẹ̀tọ́. Ìwà onílẹ̀ ni.

Ẹ wo Scotland, níbi tí ìwé náà ò dé. Láti 1843, àwọn ayafọ́tò méjì, Hill àti Adamson, fi ọ̀nà Talbot yìí kan náà ya àwọn àlùfáà Edinburgh àtàwọn apẹja Newhaven, láìsan nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Títí dòní làwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ń gbé iṣẹ́ wọn gẹ̀gẹ̀. Ní England, ìwọ̀nba díẹ̀ ló fi ọ̀nà náà jẹun.

Lọ́dún 1851, Frederick Scott Archer gbé ọ̀nà tirẹ̀ jáde, èyí tó ń lo gíláàsì dípò bébà, ó sì fi ta aráyé lọ́rẹ. Talbot ní abẹ́ ìwé òun lèyí náà wà! Nígbà tó yọ̀ǹda ìwé rẹ̀ lọ́dún 1852, ó yọ àwọn tó ń ya èèyàn gbowó sílẹ̀, àwọn gan-an tí iṣẹ́ náà ń bọ́. Ó pe ọ̀kan nínú wọn, Laroche, lẹ́jọ́ ní 1854. Àwọn ìgbìmọ̀ adájọ́ ní Talbot ló kọ́kọ́ rí ọ̀nà tirẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n Laroche ò jẹ ẹ́ ní nǹkan kan. Apá méjèèjì ìdájọ́ náà ló tọ́.