Kò dìgbà tí a bá dé Geneva ká tó rí adágún omi

Ọ̀pọ̀ wa ń náwó lọ wo adágún omi Geneva, ṣùgbọ́n mélòó ló mọ̀ pé omi wà láàrin Ouagadougou? FESPACO, àjọ̀dún sinimá tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1969, ló ń gbé ọ̀pọ̀ àlejò débẹ̀. Níbẹ̀ ni Newton Aduaka, ọmọ Nàìjíríà, ti gba ẹ̀bùn tó ga jù lọ́dún 2007.

Ẹni tó bá jáde nílé sinimá yóò pàdé ohun tí kò wá lọ: adágún omi tí wọ́n sé odò láti fi ṣe, oko ẹ̀fọ́ létí rẹ̀, àti igbó Bangr-Weoogo láàrin ìgboro.

Lóṣù Kìíní ọdún 2025, Burkina Faso kúrò nínú ECOWAS. Ọ̀rọ̀ àwọn olórí nìyẹn. Kò yẹ kó dínà mọ́ àwa aráàlú. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.