Níbo Ni Òṣìṣẹ́ Yóò Jókòó sí Kàwé?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí kì í ṣe ti owó-oṣù, kì í sì í ṣe ti àjẹmọ́nú, ṣùgbọ́n ó kan àpò gbogbo wa. Ọ̀rọ̀ ibi tí ènìyàn yóò jókòó sí kàwé ni.

Gbogbo wa ni a ti rí i pé ẹni tí ó ti di ẹ̀rọ mú láti ọdún gbọọrọ, tí ó ń ti ìró rẹ̀ mọ̀ pé ó fẹ́ dẹnu kọlẹ̀, ni wọ́n ń gbé ọmọdé tí ó ní ìwé-ẹ̀rí wá ṣe olórí lé. A ti bá àwọn ọ̀gá jà lórí èyí, a ó sì tún jà. Ṣùgbọ́n kí a tó borí, ìwé-ẹ̀rí náà ni wọ́n ṣì ń bèèrè, àwọn kan nínú wa sì ti forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n sanwó, wọ́n ra fóònù, wọ́n ra dátà. Nígbà tí ó yá, ọ̀pọ̀ wọn dákẹ́. Bí a bá bi wọ́n, wọn kì í sọ pé ẹ̀kọ́ náà le. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kò sí ibi tí àwọn lè jókòó sí.

Ẹni tí kò gbé Ṣógúnlé rí lè rò pé àwáwí ni. Yàrá kan, bàbá, ìyá àti ọmọ mẹ́rin; ilẹ̀kùn kọjú sí ilẹ̀kùn lọ́ọ̀dẹ̀dẹ̀; jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń bú lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé; ọkọ̀ òfuurufú ń kọjá lókè òrùlé; ọkọ̀ ojú irin ń fọn fèrè. Ti gbohùngbohùn ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí, a kò ní sọ ọ́, nítorí a kò wá ìjà. Ẹni tí ó ṣiṣẹ́ òru dé sì ń sùn lórí ibùsùn kan náà tí ọmọ ń kàwé lé.

Kíkàwé nílé kì í ṣe ohun tuntun fún òṣìṣẹ́. Kí íntánẹ́ẹ̀tì tó dé, ìwé Rapid Results College tí ń ti Lọ́ńdọ̀nù wá nínú àpòòwé ni ọ̀pọ̀ fi ṣe ìdánwò GCE. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí ó ti ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ onímọ́tò, tí òun náà sì ṣòwò ọkọ̀, kò tíì fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí ó gba oyè B.Com. ti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní 1944. Yunifásítì Èkó dá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìfìwéránṣẹ́ sílẹ̀ ní 1974. Ìjọba Ṣàgàrí ṣe òfin National Open University ní 1983, àwọn sójà dá a dúró ní 1984, ìjọba Olóyè Ọlúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ni ó padà jí i dìde. Ọbásanjọ́ fúnra rẹ̀ gba oyè ọ̀mọ̀wé níbẹ̀ ní 2018, lẹ́yìn tí ó ti pé ẹni ọgọ́rin ọdún. A yìn ín, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní ilé orí òkè ní Abẹ́òkúta kò ní wá ibi tí yóò gbé tábìlì sí.

Ọdún 2020 ni ọ̀rọ̀ náà hàn kedere. Nínú oṣù kẹta ọdún náà ni wọ́n ti ilé-ìwé pa nítorí àrùn Kòrónà, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó sì gbé ẹ̀kọ́ sórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, àwọn olùkọ́ mìíràn ń fi ti wọn ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Nígbà tí ó di ọjọ́ kẹrin oṣù karùn-ún, wọ́n dẹ òfin kónílé-ó-gbélé, ọkọ̀ padà sójú títì, ilé-ìwé kò tíì ṣí. Fóònù kan ṣoṣo tí ó wà nílé awakọ̀ bá awakọ̀ jáde ní ìdájí. Bí olùkọ́ bá fi iṣẹ́ ránṣẹ́ ní agogo mẹ́wàá, Òṣòdì ni fóònù wà. Alẹ́ ni ọmọ tó ń rí i, iná sì ti lọ. Ní oṣù kẹjọ, wọ́n jókòó ṣe ìdánwò WAEC pẹ̀lú ọmọ tí ó ní yàrá tirẹ̀ àti fóònù tirẹ̀.

Nítorí náà ni a ṣe ń sọ pé kí a kọ́kọ́ wá igun kan nínú yàrá kí a tó sáré ra fóònù tuntun. Pákó tí ó dán lórí kéèsì ọtí méjì tó bẹ́ẹ̀, bí ó bá sá fún tẹlifíṣọ̀n, tí ó sì kọjú sí ògiri. Ẹ má ṣe kàwé lórí ibùsùn. Oorun nìkan ni ibùsùn mọ̀. Kí iná wà lápá òsì ẹni tí ń fi ọ̀tún kọ̀wé, kí òjìji ọwọ́ má baà bo ìwé. Ẹ fi fóònù ti agolo Milo kí ọrùn má baà wọ́, kí ẹ sì ní ìwé àti bírò lẹ́gbẹ̀ẹ́, nítorí ẹni tí ń wò lásán kò pẹ́ gbàgbé. Ẹ gba ẹ̀kọ́ sílẹ̀ sórí fóònù lóru tí dátà rọjú, kí ẹ wò ó nígbà tó bá rọ̀ yín lọ́rùn. Àtùpà tí ń gba iná oòrùn sàn ju jẹnẹrétọ̀ lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe gbé jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nítorí ìwé. Carbon monoxide inú èéfín rẹ̀ kò ní òórùn, ó sì ti pa odindi ìdílé mọ́jú nílùú Èkó yìí.

Àkókò ṣòro ju igun lọ. Wákàtí kan tí gbogbo ilé fọwọ́ sí, tí kò sí ẹni tí yóò rán akẹ́kọ̀ọ́ ní ata, tí àwọn ayálégbé yòókù sì mọ̀ nípa rẹ̀, sàn ju wákàtí mẹ́rin ìjàkadì lọ. Àwọn obìnrin ilé-iṣẹ́ ni ó sì ṣòro fún jù. Wọ́n dúró nídìí ẹ̀rọ láti àárọ̀, wọ́n délé, wọ́n tún dáná. Bí ìyàwó bá ń kàwé, kí ọkọ ro ẹ̀bà. Kò sí òfin ẹgbẹ́ kankan tí ó lòdì sí i.

Ṣùgbọ́n àwọn yàrá kan wà tí kò sí igun nínú wọn rárá, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti kan ẹ̀ka wa. Open University ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ní 1971 pẹ̀lú tẹlifíṣọ̀n àti rédíò BBC, ṣí ibùdó ìkẹ́kọ̀ọ́ káàkiri ìlú. National Open University tiwa náà ní ibùdó. Gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ wa ńkọ́? Ọjọ́ ìpàdé àti ọjọ́ ìnáwó nìkan ni a ń ṣí i, àwọn ìjókòó á máa kó eruku. Ohun tí a ń béèrè ni pé kí á ṣí i láti agogo márùn-ún sí mẹ́sàn-án alẹ́, Ọjọ́ Ajé dé Ọjọ́ Ẹtì, fún ọmọ ẹgbẹ́ àti àwọn ọmọ wọn, kí a sì fi díẹ̀ nínú owó ẹgbẹ́ ra àtùpà àti pákó. Àwọn kan ń kùn pé owó tí a ń rí lórí ìnáwó yóò dínkù. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ìnáwó, a kò fọwọ́ kàn án.

A ó gbé àbá náà wá síwájú ìpàdé gbogbogbò tí ń bọ̀. Kí ẹni tí ó bá ń kẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé, kí a lè bá ọ̀gá sọ̀rọ̀ nípa yíyí àkókò iṣẹ́ padà fún un lọ́jọ́ ìdánwò. Ẹni tí ó bá sì ní tábìlì tí kò lò mọ́, kí ó jọ̀wọ́ rí akọ̀wé kí ó tó sọ ọ́ di igi ìdáná.