Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Sọmọ Lórúkọ: Ọ̀rọ̀ Sí Àwọn Ayàwòrán Àárín Wa

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Òwe yìí ni ó wá sí mi lọ́kàn nígbà tí mo ń ronú lórí òwò kan tí ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi tí wọ́n mọ àwòrán yà ti ń kó wọ̀. Mo fẹ́ kí á jọ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi, nítorí pé àwọn kan ń fi ojú kékeré wo ohun tí ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe níbẹ̀, àwọn mìíràn sì ń ṣe é ní òdì.

Òwò tí mo ń wí ni títẹ àwòrán sára ọjà lẹ́yìn tí oníbàárà bá ti sanwó. Ayàwòrán yóò gbé iṣẹ́ rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ bíi Redbubble, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ìlú Melbourne, ní Ọsirélíà, ní ọdún 2006. Bí ẹnì kan ní London bá rí àwòrán náà tí ó sì wù ú, yóò sọ bóyá ara ṣẹ́ẹ̀tì ni òun fẹ́ ẹ sí ni, tàbí ara ife, tàbí ara báàgì. Ìgbà tí ó bá sanwó tán ni wọn yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ ẹ́, tí wọn yóò sì fi ránṣẹ́ sí i. Ilé-iṣẹ́ yóò yọ owó tirẹ̀, ayàwòrán yóò gba èrè tí ó kù. Kò ra aṣọ, kò ra ẹ̀rọ, kò san owó ṣọ́ọ̀bù.

Nítorí pé kò sí owó tí ó ti ọwọ́ ẹni bọ́, ọ̀pọ̀ ni ó rò pé kò sí ohun tí à ń wádìí níbẹ̀. Wọn a ní, ‘Gbé e síbẹ̀, ẹni tí yóò rà á yóò rà á.’ Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìyá tí ó ru aṣọ lọ sí ọjà, bí aṣọ náà kò bá tà, yóò rù ú padà sílé, ẹrù náà yóò sì kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Kí ó tó dé ilé pàápàá, àwọn oníbàárà ti ná an, wọ́n ti sọ fún un pé àwọ̀ ibí yìí ti ṣú jù, pé ọ̀nà ara tọ̀hún ti di ti àná. Ṣùgbọ́n àwòrán tí kò tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò wúwo lórí ẹnikẹ́ni. Ó lè wà níbẹ̀ fún ọdún mẹ́ta kí ó má fọhùn. Ayàwòrán kò ní mọ̀ bóyá iṣẹ́ náà ni kò dára, tàbí pé ẹni tí ó yẹ kí ó rà á kò tilẹ̀ rí i. Mo mọ àwọn ọlọ́wọ́ iṣẹ́ tí wọ́n ti sọ búrọ́ṣì sílẹ̀ nítorí ìdákẹ́jẹ́ yìí. Wọ́n rò pé ọjà ti kọ̀ wọ́n, nígbà tí ó jẹ́ pé ọjà kò tíì gbọ́ orúkọ wọn. Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé ọjà tí kì í jẹ́ kí á pàdánù owó ni ó yẹ kí á wádìí jù.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú àwọn olùkọ́ wa yóò ní oníṣẹ́-ọnà kò gbọdọ̀ máa wo ojú oníbàárà kí ó tó yàwòrán. Mo bọ̀wọ̀ fún èrò wọn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á wo àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Nígbà tí Ọba George Karùn-ún pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lórí ìtẹ́ ní 1935, àwọn aláàdìrẹ ilẹ̀ wa fi àwòrán ọba àti ìyàwó rẹ̀ ṣe aṣọ, nítorí wọ́n mọ̀ pé àwọn ènìyàn yóò fẹ́ ohun tí wọn yóò fi rántí ọjọ́ náà. Àwọn tí ó ya Ìbàdàndùn fi òpó gbọ̀ngàn Mápó, tí wọ́n ṣí ní 1929, sínú aṣọ náà, nítorí ọmọ Ìbàdàn a máa fẹ́ fi ìlú rẹ̀ yangàn. Ọjà ni wọ́n ń wò. Síbẹ̀, inú àwọn ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ńláńlá ni irú àwọn aṣọ bẹ́ẹ̀ wà lónìí, kò sì sẹ́ni tí ó ń pè wọ́n ní iṣẹ́ yẹpẹrẹ.

Àwọn aládùúgbò wa ní Lomé, ní ilẹ̀ Togo, tilẹ̀ sọ ìmọ̀ yìí di ọlà. Àwọn ìyá ọlọ́jà tí wọ́n ń pè ní Nana Benz, nítorí ọkọ̀ Mercedes Benz tí wọ́n ń gùn, ni wọ́n ń ta àǹkárá tí ilé-iṣẹ́ Vlisco ń ṣe ní Helmond, ní ilẹ̀ Netherlands, láti ọdún 1846. Àwọn ìyá wọ̀nyí ni wọ́n ń fún aṣọ lórúkọ, àwọn ni wọ́n ń sọ fún àwọn òyìnbó èyí tí yóò tà àti èyí tí kò ní í tà. Nítorí èyí, àwọn kan nínú wọn gba àṣẹ pé àwọn nìkan ni yóò máa ta irú ọnà báyìí báyìí. Òwò wọn fara gbọgbẹ́ nígbà tí wọ́n gé iye owó CFA sí ìdajì ní 1994, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ wọn kò bàjẹ́: ẹni tí ó mọ ẹni tí yóò rà ni agbára wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ibí yìí ni àwọn tí wọ́n tilẹ̀ ń ṣèwádìí ti ń ṣì í ṣe. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni, ‘Kí ni àwọn ẹlòmíràn ń yà tí ó ń tà?’ Bí wọ́n bá ti rí i, wọn a ya irú rẹ̀. Ẹni bẹ́ẹ̀ ti pẹ́ kí ó tó dé, nítorí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ti wà níwájú rẹ̀, ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tí ń ya àwòrán fúnra rẹ̀ sì tún ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́. Lójú tèmi, ìbéèrè mẹ́ta ni ó tọ́: Ta ni yóò rà á? Ọjọ́ wo ni yóò lò ó? Ọ̀rọ̀ wo ni yóò fi wá a?

Ẹ jẹ́ kí á fi Yemọja ṣe àpẹẹrẹ. Ní Salvador, ní ìpínlẹ̀ Bahia ní Brazil, Iemanjá ni wọ́n ń pè é, ọjọ́ kejì oṣù Kejì sì ni wọ́n ń gbé òdòdó lọ fún un ní etí òkun. Ní Regla, ní ilẹ̀ Cuba, Yemayá ni wọ́n ń pè é, ọjọ́ keje oṣù Kẹsàn-án sì ni ọjọ́ tirẹ̀. Òrìṣà kan náà ni, orúkọ méjì, ọjọ́ méjì. Ayàwòrán tí ó kọ ‘Yemọja’ nìkan sí ìdí iṣẹ́ rẹ̀ ti ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn ará Brazil tí wọ́n ń fi orúkọ tiwọn wá a. Ẹni tí ó sì gbé e síta ní ọ̀la ọdún náà, ọjà ti tú. Oṣù díẹ̀ ṣáájú ni ó yẹ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ‘àṣẹ’. Axé ni wọ́n ń kọ ọ́ ní Brazil, aché ní Cuba. Gbogbo rẹ̀ ni ó yẹ kí á fi sí ìdí àwòrán kí wọ́n lè rí i. Ṣùgbọ́n lára ṣẹ́ẹ̀tì, bí Yorùbá ni a bá fẹ́ kọ, kí á kọ Yorùbá. Mo ti rí ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kọ ‘ase’ sí láìsí àmì kankan. Ṣé àṣẹ ni, àbí àsè, àbí asẹ́ tí a fi ń sẹ́ ògì? Ẹni tí ó kọ́ èdè yìí ní yunifásítì ní ọjà kan lọ́wọ́ tí àjèjì kò lè bá a dù.

Irin-iṣẹ́ fún ìwádìí kò wọ́n. Google Trends jẹ́ ọ̀fẹ́, ó sì ń fi hàn láti 2004 bí wíwá ọ̀rọ̀ kan ṣe ń lọ sókè tàbí sílẹ̀ ní ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Kí á má ṣe ṣì í kà o: nọ́ńbà 0 sí 100 tí ó ń fún ni kì í ṣe iye ènìyàn, ìfiwéra lásán ni. Wíwá nǹkan yàtọ̀ sí rírà á pẹ̀lú. Ohun tí àwọn oníbàárà ń kọ sábẹ́ ọjà tí wọ́n ti rà wúlò púpọ̀, nítorí níbẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ ẹni tí wọ́n rà á fún àti ohun tí ó dùn wọ́n.

Síbẹ̀, ìwádìí ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ó lè sọ pé àmì ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan ń tà wàràwàrà, ṣùgbọ́n ó ní ẹni tí ó ni àmì náà. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọnà ti ilẹ̀ wa, ti ọdún 2022, ń dáàbò bo iṣẹ́ ọwọ́ wa. A kò lè máa ké pè é fún tiwa kí á máa jí ti ẹlòmíràn. Bákan náà, lára ọjà tí wọ́n ń tẹ àwòrán sí ni ìbọ̀sẹ̀ àti ẹní ìnusẹ̀ ilé ìwẹ̀ wà. Oníbàárà lè wà fún ojú Yemọja lórí ẹní ìnusẹ̀. Kò sí nọ́ńbà tí yóò sọ fún wa pé àbùkù ni. Ọmọlúàbí ni yóò sọ ọ́, kí á sì yọ ọjà náà kúrò.

Ìmọ̀ràn mi kò pọ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ Yorùbá, olùkọ́ iṣẹ́-ọnà àti olùkọ́ ìṣòwò, ẹ jọ kọ́ wa ní nǹkan yìí, nítorí kò sí ẹ̀ka kan tí ó lè dá a kọ́. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ mú àwòrán mẹ́ta péré nínú èyí tí ẹ ní nílé, kí ẹ sì béèrè ìbéèrè mẹ́ta yẹn lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ẹ kò bá rí ìdáhùn sí, ẹ má tíì gbé e síta. Kì í ṣe pé kò dára o. A kò tíì mọ ilé tí yóò wọ̀ ni.