Ìwé Gómìnà Carter àti Ìtàn Ẹnu Ọ̀fin

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá. Àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí ẹni tí ó ń rọ́ ọ mọ́ ńkọ́?

Ní 1848 ni wọ́n bí Gilbert Carter. Ó ṣiṣẹ́ ogun ojú omi, ó ṣiṣẹ́ ìjọba ní Gold Coast, ó ṣe alábòójútó Gambia, kí ó tó di gómìnà Èkó ní 1891. Ní oṣù Karùn-ún 1892, ó rán ogun sí Ìjẹ̀bú nítorí ọ̀nà òwò tí Awùjalẹ̀ kò fẹ́ ṣí sílẹ̀ fún àjèjì. Ní Ìmàgbọn ni wọ́n ti ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú. Ní 1893, ó rin ìrìn àjò dé Abẹ́òkúta àti Ọ̀yọ́, ó sì mú kí àwọn jagunjagun Kírìjì tú bùdó wọn ká. Ní 1894 ni Akárìgbò Oyebajo ti Ọ̀fin tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú rẹ̀, Rẹ́mọ sì bọ́ sábẹ́ ààbò ìjọba Gẹ̀ẹ́sì.

Àwọn kan ń yin Carter pé ó la ọ̀nà, ó sì pa iná ogun. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìbọn ni ó fi la ọ̀nà náà, ẹni tí ó sì ni ọ̀nà ni ó pàdánù àṣẹ orí rẹ̀. Kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé Rẹ́mọ kò ní èrò tirẹ̀. Àwọn ìlú tí ó ti kóra jọ sí Ṣágámù láti 1872 mọ ohun tí wọ́n ń wá: ààbò, òwò, àti ipò Akárìgbò. Ọ̀rọ̀ ipò yìí náà ni ó tún délé ìwádìí ní 1937, nígbà tí wọ́n ń bèèrè bóyá Akárìgbò wà lábẹ́ Awùjalẹ̀.

Nínú àṣà Yorùbá, ojú ẹlẹ́rìí ni a ti ń ṣe àdéhùn. Obì ni a ń pa sí i, ìmùlẹ̀ ni a fi ń dè é, tọ̀tún tòsì ni yóò sì máa rántí rẹ̀. Ìwé Carter kò rí bẹ́ẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, àwọn lẹ́tà rẹ̀ sí Lọ́ńdọ̀nù sì wà títí dòní fún ẹni tí ó bá fẹ́ kà wọ́n. Níbo ni ohun tí àwọn ìjòyè Ọ̀fin bá ara wọn sọ kí ọba tó tọwọ́ bọ̀wé wà? Ẹnu àwọn àgbà ni, ẹnu àgbà kì í sì í pẹ́ títí láéláé. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sọ́dọ̀ wọn pẹ̀lú ìwé àti gègé. Ẹ̀yin àgbà, ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ sínú wọlé sùn.

Carter ṣe gómìnà ní Bahamas àti Barbados, ibẹ̀ ni ó sì kú sí ní 1927. Orúkọ rẹ̀ ṣì wà lára afárá kan l'Ékòó. Ilé tí ìyàwó rẹ̀ ya àwòrán rẹ̀ ní Barbados, tí olórí ìjọba ibẹ̀ ń gbé lónìí, Ilaro ni wọ́n sọ ọ́. Bí àlejò bá lè gbé orúkọ ìlú Yorùbá gun òkun, kí ni ó yẹ kí onílé ṣe sí ìtàn ilé baba rẹ̀?