Ológbò yín ò sá lọ o, ẹ̀yin lẹ lé e

Ọ̀rọ̀ òní máa dun àwọn kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á tán kí ẹ tó bú mi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wọ oko adìẹ kan lẹ́yìn Ìtamaga níbí, lójú ọ̀nà tó lọ sí Ìtòikin. Inú ń bí bàbá tó ni oko. Wọ́n ní, "Ọ̀gá àgíríkì, ẹ̀yin lẹ ní kí n ra ológbò. Mo ti ra mẹ́ta láàrin oṣù méjì, kò sí èyí tó sùn mọ́jú. Ológbò ò gbé lọ́dọ̀ mi, ó jọ pé ilẹ̀ yìí ò gbà á." Mo ní, "Bàbá, báwo lẹ ṣe gbé e wọlé?" Wọ́n ní inú àpò sìmẹ́ǹtì ni. Wọ́n tú u sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé fíìdì, ajá rí i, ajá gbá tẹ̀ lé e, ológbò fo fẹ́ǹsì. Ìkejì, bákan náà. Ìkẹta, wọ́n so ó lọ́rùn mọ́ òpó kó má baà sá. Díẹ̀ ló kù kí ajá fà á ya kí wọ́n tó rí okùn gé.

Ṣé ilẹ̀ ló wá lé ológbò yẹn?

Èyí tó bí mi nínú jù ni ti ọmọkùnrin tó ń bá wọn kọ́ ajá. Ó ti to táyà mọ́tò sílẹ̀, ó fi ọparun ṣe igi tí ajá á máa fò. Ajá ń fò ó lọ, ó ń fò ó bọ̀, ó wuyì lójú, mi ò purọ́. Ó wá ní kí wọ́n jẹ́ kí ajá máa lé ológbò, pé ìyẹn ló ń jẹ́ kí ojú ẹ̀ mú. Irú ẹ̀kọ́ wo nìyẹn? Eré fífò yìí, ibi ìpàtẹ ajá Crufts nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é fún aráyé wò lọ́dún 1978. Bí wọ́n bá ń ṣe é, kò sí okùn lọ́rùn ajá. Ohùn àti ọwọ́ ẹni tó ń darí ẹ̀ nìkan ló ń tẹ̀ lé. Ajá tó fo igi mẹ́wàá, tí ẹ wá pè é tí kò dáhùn torí pé ó rí ológbò, kò tíì mọ nǹkan kan. Lónìí ológbò ni, lọ́la adìẹ ẹlẹ́yin yín ni. Ẹ sì mọ ohun tí ìbẹ̀rù ń ṣe fún ẹyin.

Ọ̀pọ̀ nínú yín rò pé bí ajá bá wà lóko, kí ni ológbò tún ń wá. Àwọn onímọ̀ kan ṣèwádìí ní abúlé ní Eswatini, ní gúúsù Áfíríkà, wọ́n tẹ èsì ẹ̀ jáde ní 2017. Wọ́n wo agboolé tó ní ajá nìkan, èyí tó ní ológbò nìkan, èyí tó ní méjèèjì, àti èyí tí kò ní ìkankan. Ibi tí ajá àti ológbò ti jọ ń gbé ni ìrìn eku ti dínkù, tí wọ́n sì ń tètè fi oúnjẹ sílẹ̀ sá lọ. Ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ò ṣe iṣẹ́ tó hàn. Ṣé ẹ ti rí i báyìí? Ẹni tó bá ń dẹ ajá sí ológbò ń fọwọ́ ara ẹ̀ ba iṣẹ́ ara ẹ̀ jẹ́.

Mi ò ní tàn yín pé ológbò á pa gbogbo eku. Ní Brooklyn, ní New York, wọ́n fi kámẹ́rà ṣọ́ ológbò níbi tí eku pọ̀ sí fún oṣù márùn-ún. Eku méjì péré ni wọ́n rí i pé ó pa. Eku ńlá ń jà. Ṣùgbọ́n bí eku bá ti rí ológbò, ńṣe ni wọ́n ń sá pa mọ́. Ẹ̀rù yẹn gan-an la ń rà. Eku ńlá kan lè jẹ nǹkan bíi gíráàmù 25 lójúmọ́. Bí ẹ bá ní ọgọ́rùn-ún, àpò fíìdì 25kg kan ti lọ láàrin ọjọ́ mẹ́wàá nìyẹn, mi ò tíì ka èyí tí wọ́n tọ̀ sí, tí wọ́n yàgbẹ́ sí. Ẹ̀yin ìyá oníresì àti ẹlẹ́wà ní Sábó, ọ̀rọ̀ yín náà ni o. Ibà Lassa tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní ìlú Lassa ní Borno ní 1969, ara eku ló ti ń wá, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ka ológbò níní mọ́ àwọn ohun tó ń dènà ẹ̀, pẹ̀lú kí oúnjẹ wà nínú ohun tó ní ìdérí.

Àwọn kan á ní, "Kí ló dé tí a ò lo ọ̀tapíápíá?" Oògùn kòkòrò ni, kì í ṣe ti eku. Láti 2019 ni NAFDAC ti ní kí wọ́n má ta ìgò kékeré DDVP lọ́jà mọ́. Ẹ fi sínú ilé tí oúnjẹ wà, eku jẹ ẹ́, ajá jẹ eku, owó ajá wọgbó. Èmi náà ti pa ajá ara mi bẹ́ẹ̀ rí, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní póòlì tí mo rò pé mo ti mọ gbogbo nǹkan. Ẹ ò ní rí mi kí n tún dámọ̀ràn ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Àwọn tó sì ń sọ pé ológbò dúdú, àjẹ́ ni: eku tó ń jẹ àpò yín lóru ni kí ẹ máa bẹ̀rù.

Bó ṣe yẹ kí ẹ ṣe é rèé. Ẹ gba méjì, bó bá lè jẹ́ ọmọ ìyá kan, tí wọ́n ti já lẹ́nu ọmú dáadáa. Inú apẹ̀rẹ̀ tó ní ìdérí ni kí ẹ fi gbé wọn, kì í ṣe àpò. Ẹ tì wọ́n mọ́ yàrá kan tó ní nẹ́ẹ̀tì lójú fèrèsé àti lẹ́nu ọ̀nà, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin. Ẹ gbé omi síbẹ̀, àti báàfù tí ẹ bu yanrìn sí, àti pákó lókè níbi tí ajá ò lè dé láéláé. Ẹ máa fún wọn lóúnjẹ lákòókò kan náà lójoojúmọ́, nírọ̀lẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń febi pa ológbò kó lè pa eku, ẹ ń ṣi ara yín lọ́nà. Ológbò tó yó náà ń ṣọdẹ. Èyí tí ebi ń pa, ilé aládùúgbò yín ló ń lọ.

Ti ajá ńkọ́? Ẹ kọ́kọ́ mú aṣọ tí ológbò sùn lé fún un gbóòórùn, kí ológbò náà gbóòórùn ti ajá. Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, ẹ jẹ́ kí ajá fo táyà ẹ̀ títí ó fi rẹ̀ ẹ́, kí ẹ wá fokùn mú un lọ síwájú nẹ́ẹ̀tì, kó jìnnà díẹ̀. Bó bá wo ológbò tó sì gbójú kúrò nígbà tí ẹ pè é, ẹ fún un ní ẹran lójú ẹsẹ̀. Bó bá fò mọ́ nẹ́ẹ̀tì, ẹ má nà án, ẹ fà á sẹ́yìn, ó yá jù nìyẹn. Ìṣẹ́jú márùn-ún ti tó lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má gbé ológbò mọ́ àyà wá bá ajá o, ojú yín ni èékánná máa bà.

Abẹ́rẹ́ dìgbòlugi ńkọ́? Ajá àti ológbò, méjèèjì ni, láti ọmọ oṣù mẹ́ta. Bí ọ̀kan nínú wọn bá bù yín jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ wá gba ọsibítù lọ. Ẹ má dúró de pé kó san.

Ẹ má sì jẹ́ kí ológbò wọ ibi òròmọdìẹ o. Á jẹ wọ́n, kò sí ìwàásù tó lè dá a dúró. Ẹ bo fíìdì, ẹ gbé àpò kúrò nílẹ̀, ẹ dí ihò. Bí ẹ bá da fíìdì sílẹ̀ kárí ilé, ológbò ogún ò lè gbà yín.

Bàbá ọ̀hún ti gba ọmọ ológbò méjì lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń ta àgbàdo. Mo dé ọ̀dọ̀ wọn lánàá, ọjọ́ kẹfà nìyẹn. Ọ̀kan ṣì wà lórí pákó, ó ń ké hàà sí gbogbo èèyàn, èkejì ti sọ̀kalẹ̀ ń jẹun. Ajá ò tíì dé iwájú nẹ́ẹ̀tì, aṣọ nìkan ló ń gbóòórùn. Ọmọkùnrin tó ń kọ́ ọ ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ọ ní "dúró" báyìí. Ó ní ó le ju táyà lọ.